Níbo Ni A Ti Ń Sọ Ọ́? Dáníìṣì, Tàgálọ́ọ̀gì àti Yorùbá, Láti Òmùpo

Àjàṣẹ́ méjì ni ó wà nínú ìmọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá. Ọ̀kan ni Àjàṣẹ́-Ìpo ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí ẹni tí ó bá ti Ìlọrin bọ̀ yóò dé lẹ́yìn tí ó bá ti la Òmùpo kọjá. Èkejì ni Àjàṣẹ́ tí ó wà létí ọ̀sà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Bí o bá nájà ní Àjàṣẹ́ ti Ìpo, Yorùbá ni ìwọ yóò fi nájà. Bí o bá nájà ní Àjàṣẹ́ ti etí ọ̀sà, ìwọ yóò gbọ́ Ègùn, ìwọ yóò sì gbọ́ Yorùbá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan wọ ilé-ìwé gíga, kí ó sì ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò pàdé ọmọ ti àkọ́kọ́. Faransé ni yóò pàdé ọmọ ti èkejì.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan tí àwa olùkọ́ máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ fi ní ìdáhùn méjì. Ìbéèrè náà ni pé: "Níbo ni wọ́n ti ń sọ èdè yìí?" Ìdáhùn kìn-ín-ní wà lórí àwòrán ilẹ̀: orílẹ̀-èdè báyìí, ìpínlẹ̀ báyìí, erékùṣù báyìí. Ìdáhùn kejì kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan. Ó ń bèèrè pé nínú ilé wo ni a ti ń sọ ọ́: ṣé nínú yàrá ìdáná ni, àbí ní ọjà, àbí ní ilé-ẹjọ́, àbí ní ilé ìwòsàn, àbí níwájú pátákó ìkọ̀wé? Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdáhùn kejì ni ó ń sọ bí èdè ṣe lágbára tó, kì í ṣe èkìn-ín-ní.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a gbé èdè méjì tí ó jìnnà sí wa, tí wọ́n sì tún jìnnà sí ara wọn, sí ẹ̀gbẹ́ èdè Yorùbá. Ọ̀kan ni Dáníìṣì, èdè àwọn ará Dẹ́nmárkì ní apá àríwá Yúróòpù. Èkejì ni Tàgálọ́ọ̀gì, èdè àwọn ará Filipínì ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà.

1. Dáníìṣì: ilẹ̀ kékeré, iṣẹ́ púpọ̀

Dẹ́nmárkì kì í ṣe ilẹ̀ ńlá. Gbogbo àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 6 lọ. Lẹ́yìn òde Dẹ́nmárkì, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ́ Dáníìṣì ní àwọn erékùṣù Faroe, níbi tí òfin ọdún 1948 ti fi èdè Faroe ṣe olórí, tí ó sì pàṣẹ pé kí a kọ́ Dáníìṣì dáadáa pẹ̀lú. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Greenland, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2009 ni èdè àwọn ọmọ onílẹ̀, Kalaallisut, ti di èdè ìjọba kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọ ní ilé-ìwé ní Iceland, tí ó wà lábẹ́ ọba Dẹ́nmárkì títí di ọdún 1944. Ní Norway, tí òun àti Dẹ́nmárkì jọ wà lábẹ́ ọba kan náà láti ọdún 1380 títí di 1814, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà kọ èdè wọn lónìí, Bokmål, láti ara Dáníìṣì àkọsílẹ̀ ni ó ti jáde.

Àwọn ará Dẹ́nmárkì tilẹ̀ gbé èdè wọn dé ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ni wọ́n kọ́ odi Christiansborg sí Osu ní Accra ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí wọ́n fi ń ṣòwò ẹrú. Wọ́n ta odi náà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850. Àwọn erékùṣù tí wọ́n ń kó ẹrú lọ ní Karíbíánì, wọ́n tà wọ́n fún Amẹ́ríkà ní ọdún 1917. Orúkọ ìlú bí Christiansted àti Frederiksted ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èdè náà kò ta gbòǹgbò. Kò sì sí àwùjọ kan ní Osu lónìí tí ń fi Dáníìṣì sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ ni, Dáníìṣì kò ní púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè ìbéèrè kejì, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti ọdún 1550 ni odindi Bíbélì ti wà ní Dáníìṣì. Lónìí, ọmọ Dẹ́nmárkì lè fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ìṣirò, físíìsì àti ìtàn láti ọjọ́ tí ó wọ ilé-ìwé títí tí yóò fi jáde. Dókítà ń fi í bá aláìsàn sọ̀rọ̀, adájọ́ ń fi í dájọ́, aṣòfin ń fi í ṣòfin. Nígbà tí Dẹ́nmárkì wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní ọdún 1973, Dáníìṣì bá wọn wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn èdè ìjọba ẹgbẹ́ náà. Èdè tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò tó ará ìlú Èkó kan ṣoṣo ní iye!

2. Tàgálọ́ọ̀gì: ará etí odò tí ó di olóhùn orílẹ̀-èdè

Orílẹ̀-èdè Filipínì jẹ́ erékùṣù tí ó ju 7,000 lọ, ìkànìyàn ọdún 2020 sì ka ènìyàn bí mílíọ̀nù 109 níbẹ̀. Èdè tí wọ́n ń sọ ju 100 lọ. Tàgálọ́ọ̀gì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilé rẹ̀ ni apá àárín àti gúúsù erékùṣù Luzon: Manila tí í ṣe olú-ìlú, Bulacan, Batangas, Laguna, Cavite àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ni ó gbà pé ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí ni "ará etí odò".

Àwọn ará Sípéènì jọba níbẹ̀ láti ọdún 1565 títí di 1898. Àwọn ará Amẹ́ríkà gba ipò wọn títí di 1946. Ọdún 1593 ni wọ́n tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn kan ní Manila ní èdè Sípáníìṣì àti Tàgálọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, èdè àlejò ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ní òpin ọdún 1937 ni Ààrẹ Manuel Quezon kéde pé orí Tàgálọ́ọ̀gì ni a ó gbé èdè orílẹ̀-èdè kà. Ní 1959 wọ́n pè é ní Pilipino. Òfin-ilẹ̀ ọdún 1987 pè é ní Filipino, ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba. Ẹni tí kò bí sí ilẹ̀ Tàgálọ́ọ̀gì rárá ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ń wò ó lórí tẹlifíṣàn, ó sì ń kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Àwọn ọmọ Filipínì tí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè sì gbé e kiri ayé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà lára àwọn èdè tí a ń sọ jù lọ nínú ilé ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì.

Àǹfààní yìí ní ẹnì kan tí ó ń san owó rẹ̀. Àwọn tí ń sọ Cebuano àti Ilocano, tí àwọn náà pọ̀ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, ti ń ráhùn pé èdè aládùúgbò ni a gbé jókòó sórí àga tí gbogbo wọn ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìráhùn yìí sí ọkàn. A ó padà sí i.

3. Yorùbá: ilẹ̀ púpọ̀, iṣẹ́ díẹ̀

Ó kan èdè tiwa wàyí. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé àwọn tí ń sọ Yorùbá ju mílíọ̀nù 40 lọ. Ní Nàìjíríà, ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti etíkun Èkó, ó gba Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, ó sì wọ Kwara àti apá kan ìpínlẹ̀ Kogí. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a bá a ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ́bẹ̀, Ṣàkétẹ́ àti Ìdáàṣà. Ní Tógò, àwọn Ifẹ̀ tí ń gbé agbègbè Atakpamé ń sọ ẹ̀ka rẹ̀ kan. Ní ìhà àríwá, kò jìnnà sí Òmùpo wa ni ilẹ̀ náà ti ń kan ti ẹlòmíràn: ẹni tí ó bá kọjá Ṣáárẹ́, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, tí ó sì dé Tsaragi, Nupe ni yóò gbọ́.

Àkọsílẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá parí. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé èdè wa kò lè gba ìwé.

Síbẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ tí a fi rán an. Òfin-ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a lè fi Hausa, Ìgbò àti Yorùbá ṣe iṣẹ́ ní ilé aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò bá ti wà fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni a ṣì ń gbọ́ níbẹ̀. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ wà nínú ECOWAS láti ọdún 1975. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí ni èdè ìjọba ẹgbẹ́ náà. Èyí ni pé bí ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé kan náà, bá jókòó sí ìpàdé ECOWAS, ògbufọ̀ ni yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún ara wọn. Mílíọ̀nù 6 ní ohùn ní Yúróòpù. Mílíọ̀nù 40 ń lo ògbufọ̀ ní ilé ara wọn.

4. Ààlà tí a dìbò fún, àti ààlà tí a kò bi ẹnikẹ́ni

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ohun kan tí ìtàn fi hàn ni ọ̀nà tí a gbà fi ààlà sí àárín àwọn tí ń sọ èdè kan náà.

Ní ọdún 1864, àwọn Jámánì ṣẹ́gun Dẹ́nmárkì, wọ́n sì gba ilẹ̀ Schleswig. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé kìn-ín-ní, ní ọdún 1920, a ní kí àwọn ará Schleswig fúnra wọn dìbò. Ní apá àríwá, nǹkan bí mẹ́ta nínú ènìyàn mẹ́rin yan Dẹ́nmárkì. Ní apá gúúsù rẹ̀, nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún yan Jámánì. Ibi tí ìbò pín sí ni ààlà wà títí di òní. Àwọn tí ààlà náà fi sí òdìkejì kò di aláìlóhùn. Ní ọdún 1955, ìjọba méjèèjì kéde ẹ̀tọ́ wọn, nǹkan bí 50,000 tí wọ́n ka ara wọn sí ọmọ Dẹ́nmárkì ní Jámánì sì ní ilé-ìwé tí a ti ń fi Dáníìṣì kọ́ni.

Ní ti wa, ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù, tí wọ́n fa ìlà láti etíkun lọ sí òkè. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ti Kétu, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ ìwé ńlá kan lórí ohun tí ìlà yìí ṣe fún ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láti 1889 títí di 1945. Kò sí ìdìbò, kò sí ìwádìí, kò sí ẹni tí ó bi Alákétu ní ìbéèrè.

Àwa Ìgbómìnà mọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí a ní tiwa. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pààlà sí àárín Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Ìlá-Ọ̀ràngún bọ́ sí Gúúsù. Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmùpo bọ́ sí Àríwá, lábẹ́ Ìlọrin. Ní ilé aṣòfin Àríwá ní Kàdúná, Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa ni èdè ìjókòó. Aṣojú tí ó bá ti ilẹ̀ Ìgbómìnà lọ ní láti fi Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Henry Willink wá gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ ní 1957 sí 1958, ẹ̀bẹ̀ àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbbà láti dara pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-oòrùn wà lára ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. A kò yí ààlà padà, a kò sì dìbò bí ti Schleswig. Ní 1967 ni a dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀. Ní 1991 ni a dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ìlá wà ní Ọ̀ṣun, Òmùpo wà ní Kwara, ìlà ọjọ́sí sì ṣì wà láàárín wọn.

5. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì

Kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ ilé-ìwé wà láti ìgbà òmìnira. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún 6, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ láti ìgbà náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà fagi lé e, ó ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ ní Filipínì ṣáájú: òfin ọdún 2013 ní kí a fi èdè ìyá ọmọ kọ́ ọ ní àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, òfin ọdún 2024 dá a padà sí Filipino àti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ kan. Lẹ́yìn ìpadàsẹ́yìn yẹn, ọmọ Manila ṣì bá èdè ìyá rẹ̀ nínú kíláàsì. Ọmọ Cebu ni ó pàdánù. Ní tiwa, ọmọ Òmùpo, ọmọ Kánò àti ọmọ Ẹnúgu ni ó jọ pàdánù.

6. Ìgbómìnà ńkọ́?

Mo ṣèlérí pé a ó padà sí ìráhùn àwọn Cebuano. Ó kàn wá, nítorí Yorùbá tí mo fi ń kọ àròkọ yìí kì í ṣe Ìgbómìnà. Yorùbá àjùmọ̀lò ni, tí ó fi ohùn Ọ̀yọ́ ṣe ìpìlẹ̀, tí àwọn akọ̀wé ìjọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì tún ṣe. Ọmọ Òmùpo tí ó bá ń sọ ohùn ìyá rẹ̀ àgbà ní kíláàsì Yorùbá lè gbà á gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò fura. Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni a lé èdè ọmọ náà jáde: Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò nínú ìṣirò, Yorùbá àjùmọ̀lò sì lé e kúrò nínú Yorùbá.

Mi ò sọ pé kí a pa Yorùbá àjùmọ̀lò tì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láìsí i, ọmọ Kétu àti ọmọ Òmùpo kò ní ìwé kan tí wọ́n lè jọ kà. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ọmọ tirẹ̀.

Ní Èsìẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ère òkúta wà nínú ilé àkójọ-ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní ọdún 1945, tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n jókòó, wọ́n di irun, wọ́n wọ ìlẹ̀kẹ̀. Òkúta kò jẹrà, nítorí náà ni a ṣe mọ bí wọ́n ti rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ èdè tí àwọn tí ó gbẹ́ wọn fi kí ara wọn ní òwúrọ̀. Èdè kò ní ibòmíràn tí a lè kó o pamọ́ sí ju ẹnu àwọn tí ń lò ó lọ. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíl mú èdè yìí dání, a sì ń gbọ́ ọ nínú orin òrìṣà títí di òní. Síbẹ̀, nítorí pé kò ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ ju ìjọsìn lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ orin náà kò lè fi í ra iyọ̀ ní ọjà.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà mìíràn tí ẹ bá fi àwòrán ilẹ̀ kọ́ ogiri, tí ẹ sì bèèrè ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè kan, ẹ má ṣe dúró sí orúkọ orílẹ̀-èdè. Ẹ bèèrè ilé tí a ti ń sọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé àti gègé, kí ẹ sì kọ ibi gbogbo tí ẹ ti lo Yorùbá láàárín ọjọ́ kan sílẹ̀, àti ibi gbogbo tí ẹ kò ti lè lò ó. Àkọsílẹ̀ kejì yẹn ni ilẹ̀ tí ó kù fún èdè wa láti gbà. Kò sí ààlà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lórí rẹ̀. Ọwọ́ wa ni ó wà.